Aṣọ Tí Ibídùn Wọ̀ Fún Rárá

Èébì gbé Ibídùn kí orin náà tó dé ìdajì. Ó já ọwọ́ gbà lára gíláàsì, ó sáré mú garawa tó wà lábẹ́ tábìlì, ó sì bì sínú rẹ̀ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti dé ibẹ̀!" Ọ̀gá Ládípọ̀ ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ibídùn, ọwọ́ ẹ ò ní rọ! Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn. Ìwọ tó wọ̀ ọ́ láṣọ gan-an, o ò lè dúró tì í kí orin parí."

Ibídùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nu ẹnu. Ti ọ̀tún ò ṣeé gbé súnmọ́ imú. Gíláàsì gbígbẹ ló fọwọ́ kàn o, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bá a jiyàn pé inú ìfun ẹran tó ti ń rà ni òun ti ń bọ̀. Òórùn náà sì ti jókòó sínú ọ̀fun rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, ẹja kíkú ni, nǹkan kan tún wà lábẹ́ méjèèjì tó ń dùn díẹ̀, adùn tó jẹ́ pé èèyàn á bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún òun ní ìkorò dípò ẹ̀. Ẹ̀gbin ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Lórí gíláàsì náà, bọ́tìnnì méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Bẹ́ẹ̀ni lọ́tùn-ún, Rárá lósì. Wọ́n tóbi bákan náà, ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba, torí òfin ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀ni lọ́wọ́ọ́wọ́, ó rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, ó sì ń ta sánsán bíi búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò. Ibídùn náà ló ṣe ìyẹn lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ fún un ní yàrá tó ní fèrèsé.

Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kó máa wọ bọ́tìnnì láṣọ. Nílé ìwòsàn, nídìí ẹ̀rọ omi, lẹ́nu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé ní Abẹ́òkúta ìgbà yẹn, gíláàsì kan ló máa ń dúró de èèyàn. Ojú ni wọ́n ń pè é. Ojú á béèrè, èèyàn á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdáhùn rẹ̀, á sì dúró títí orin kékeré kan á fi parí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé ọwọ́ òun ló ṣèèṣì kàn án. Èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wọn fi ń kọ irú nǹkan báyìí, Jáfásíkíríìpù, ṣì ń mí nísàlẹ̀ gbogbo ẹ̀. Nígbà tiwọn, àwọ̀ àti fífẹ̀ létí ni gbogbo aṣọ tí bọ́tìnnì ní. Àwọn tìgbà Ibídùn ti fi ooru kún un, wọ́n fi rírọ̀ kún un, wọ́n fi òórùn kún un, ayé sì ti bàjẹ́ dé ibi tí mò ń sọ yìí.

Gbogbo bọ́tìnnì tí wọ́n bá gbé lọ sí àdúgbò kan ń gba aṣọ wọn lọ́wọ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́tìnnì. Bí o bá ti fọwọ́ kan aṣọ ìyá, ti àwọn ọmọ yí padà lójú ẹsẹ̀. Òfin kan sì wà tí wọ́n máa ń kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kí wọ́n tó fún un níjòkòó: ìlà tí o bá kọ sísàlẹ̀ ló ń borí ti òkè. Kọ pupa sókè, kí o kọ funfun sísàlẹ̀, funfun ni aráyé máa rí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyáàfin Ṣówándé, alábẹ̀wò tí ìjọba rán wá, wọlé pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fi aṣọ bo imú. Ó wọn Bẹ́ẹ̀ni, ó wọn Rárá, ó tanná sí wọn lójú.

"Rárá hàn," ó ní. "Rárá tóbi tó. Ó tẹ́ òfin lọ́rùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," Ibídùn sọ, ẹnu rẹ̀ ṣì ń korò. "Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn, kí ẹ gbọ́wọ́ lé e."

Ìyáàfin Ṣówándé wo garawa tó wà nílẹ̀. Ó rí ohun tó wà nínú ẹ̀ dáadáa. "Ọmọ mi, ohun tí òfin ní kí n wò ni mo wò. Òfin ò ní kí n gbóòórùn." Ó lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ aṣọ náà. "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá kọ ohunkóhun sábẹ́ òǹtẹ̀ yìí, ọwọ́ ẹ̀ kú nìyẹn."

Ọwọ́ kíkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Láńre, tí òun àti Ibídùn jọ ń jókòó sí tábìlì kan náà tẹ́lẹ̀, ti fọwọ́ kan aṣọ tó ti gba òǹtẹ̀ rí, ìyẹn ni pé ó tún Rárá ilé ìwòsàn kan ṣe. Kò sí ojú kankan tó tún mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí fún un, ọkọ̀ ò gbé e. Ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ wọn ló máa ń dúró sí láàárọ̀ tí á máa bẹ àwọn tó ń kọjá, "Ẹ bá mi ṣí omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí omi." Ibídùn ti bá a ṣí omi rí. Nígbà tó yá, ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

Bí alábẹ̀wò ti jáde, Ọ̀gá Ládípọ̀ gbé páálí gúgúrú rẹ̀. "Palẹ̀ mọ́. A ń gbé ojú lọ ní ọ̀sán yìí. Ìsàlẹ̀-Odò ni."

"Ìsàlẹ̀-Odò kẹ̀?" Ibẹ̀ ni ilé àwọn Ibídùn wà. "Ọ̀gá, ẹ sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ odò Ògùn lọ́hùn-ún ni, àwọn tó ń gbé lọ́nà Èkó."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn ẹ lè balẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Ṣebí ìwọ lo fún mi ní òórùn náà fúnra ẹ?"

Òun náà ni lóòótọ́. Ìdí oúnjẹ ni wọ́n wà tí Ọ̀gá béèrè bí ẹni ń ṣeré pé kí ni àwọn àgbà àdúgbò wọn kórìíra jù láyé yìí. Ibídùn sì fi ẹ̀rín dáhùn pé òórùn omíyalé tó wọ àdúgbò wọn nígbà kan rí ni, pé bí èèyàn bá ti dárúkọ ẹ̀ lásán, gbogbo wọn á tutọ́. Kò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ wọn ti rọ afẹ́fẹ́ ìgbà omíyalé náà pa mọ́ sínú ìgò. Nígbà tí wọ́n gbé ìgò náà síwájú ẹ̀ pé kó fi rán aṣọ fún Rárá, ó mọ òórùn náà. Ó béèrè ibi tí aṣọ náà ń lọ, wọ́n pa irọ́ fún un, ó sì gbà á gbọ́ torí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ìyá rẹ̀ ni.

"Ibídùn, wọ́n ní ojú yín ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lónìí. Ọkàn wa balẹ̀ o. A ti ṣèpàdé, Rárá ni gbogbo wa máa tẹ̀. Kí wọ́n wá kó wa lọ sínú ilé gogoro, kí wọ́n hú bàbá ẹ nínú pálọ̀ torí pé ẹ̀rọ wọn ń gbóná, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbin páìpù omi tútù sí? Wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Apá ibo ni Rárá máa ń wà?"

"Òsì ni, Màámi."

"Ó parí. Òsì ni mo máa tẹ̀."

Ọ̀gá Ládípọ̀ dúró síbẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ibídùn ní, "Màámi—" Ìyá rẹ̀ ní kó má gbàgbé jẹun, ó sì pa fóònù.

Òfin ni pé ẹni tó wọ ojú láṣọ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kó lè tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe bí oòrùn bá mú jù. Bẹ́ẹ̀ ni Ibídùn ṣe bá ara rẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú ilé wọn, wàláà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń wo àwọn tó gbé e pọ̀n bí wọ́n ti ń tò síwájú gíláàsì. Wọ́n ń kí i. "Ibídùn, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọmọ wa ló ṣe é, kò lè burú." Ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ojú náà fi ohùn dídùn béèrè bóyá wọ́n gbà láti fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀, ó sì kà á fún wọn pé ìdáhùn tí ọwọ́ bá pọ̀ sí ni gbogbo àdúgbò máa tẹ̀lé, pé ẹni tó bá fẹ́ yí ọwọ́ padà lè yí i títí oòrùn á fi wọ̀, àti pé ẹni tí kò bá parí ìdáhùn rẹ̀ nígbà náà, a ó kà á mọ́ àwọn tó gbà.

Bàbá Tìámíyù, káfíńtà tó ga tó sì le bí igi ìrókò, ló kọ́kọ́ jáde. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé Rárá gbàgà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó fà sẹ́yìn, ó sì já ọwọ́ gbà bí ẹni tí ejò bù jẹ. "Ẹ̀gbin! Kí lèyí? Ẹ̀yin èèyàn, kí lèyí?"

"Ẹ kò tíì parí ìdáhùn yín," ojú náà sọ, jẹ́jẹ́. "Ẹ tún gbìyànjú."

Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó ń bì, àgbàlagbà tí ọmọdé kì í wò lójú. Nígbà tó dìde, ó kọrí sí apá ọ̀tún nítorí búrẹ́dì tí imú rẹ̀ gbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé Bẹ́ẹ̀ni. Orin parí, iná tàn. Ó ní, "Háà," bí ẹni tí wọ́n bu omi fún lẹ́yìn oko.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n á tẹ Rárá, wọ́n á fò sẹ́yìn, wọ́n á tutọ́, wọ́n á bú ojú náà, wọ́n á sì rọra yí sí Bẹ́ẹ̀ni kí wọ́n lè rí nǹkan nu òórùn kúrò nímú. Ìyá Rábíù, tó ti darúgbó gan-an, gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé Bẹ́ẹ̀ni pàápàá, ó di ojú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibídùn ti wo èébì wọn, ó ti fara dà á. Ẹ̀rín yẹn ni kò lè wò. Ara rẹ̀ rí i lára, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo nǹkan tí ajá gbé wálé.

"Wò wọ́n," Ọ̀gá Ládípọ̀ sọ, gúgúrú lẹ́nu. "Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn o. Ọwọ́ ara wọn ni."

Ìyá rẹ̀ ló kàn.

Ó tún gèlè rẹ̀ dè kó tó súnmọ́ ọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ọwọ́ lé Rárá. Orin bẹ̀rẹ̀. Ibídùn rí i bí òórùn náà ti dé imú rẹ̀, torí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń retí kó fò sẹ́yìn. Kò fò. Ó tẹ̀ síwájú. Ó gbé ọwọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láìsí ariwo. Orin dé ìdajì, ó kọjá ìdajì, ó parí. Iná tàn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Ibídùn," ó pè é láì bojú wẹ̀yìn. "Ta ló kó òórùn bàbá ẹ sínú nǹkan yìí?"

Ibídùn súnmọ́ ọn.

"Màámi, òórùn omi ni. Òórùn ẹrẹ̀ àti ẹja—"

"Mo mọ òórùn ẹrẹ̀. Mo mọ ti ẹja." Ó yíjú padà. "Nígbà tí wọ́n fà á jáde lábẹ́ afárá lọ́dún omíyalé yẹn, ó ti pẹ́ nínú omi. Wọ́n ní kí n má wẹ̀ ẹ́, pé kò ṣeé wẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n kàn bò ó. Mo ní ọkọ mi ò ní wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Òórùn ẹ̀ ń dùn díẹ̀ nísàlẹ̀. Ìwọ wà lọ́dọ̀ àǹtí ẹ ní Ìjẹ̀bú Igbó, èmi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún ẹ." Ó nu imú. "Mo ní ta ló kó o síbẹ̀?"

Ibídùn lè parọ́. Ó lè tọ́ka sí Ọ̀gá, kò sì ní jẹ́ irọ́ tán pátápátá. Ó la ẹnu, adùn burúkú yẹn sì tún gòkè wá láti inú ọ̀fun rẹ̀, èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tò láàárọ̀, tó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, tó ń wò ó pé ṣé ó ti tó.

"Èmi ni, Màámi."

Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì yà fún un gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra kó má baà kan Ibídùn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹyọ ọwọ́ kan ò ṣe nǹkan kan," Ọ̀gá Ládípọ̀ sọ. "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú. Ta ló kàn?"

Ibídùn ṣí wàláà rẹ̀. Ó wá Ìyá Bọ́tìnnì kàn, ó fa ìwé aṣọ rẹ̀ wálẹ̀, ó kọjá ooru, ó kọjá rírọ̀, ó kọjá gbogbo ìlà òórùn tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ, títí ó fi dé ibi òǹtẹ̀ Ìyáàfin Ṣówándé. Ó kọ ìlà tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Rárá: gíláàsì lásán, kò tutù, kò yọ̀, kò rùn. Ó ronú kan Ìyá Rábíù, ó sì fi kún un: Bẹ́ẹ̀ni náà, bákan náà.

Wàláà náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. "Aṣọ yìí ti gba òǹtẹ̀. Ọwọ́ rẹ á kú. Ṣé o fẹ́ tẹ̀síwájú?" Bọ́tìnnì méjì yọ jáde, Bẹ́ẹ̀ni lọ́tùn-ún, Rárá lósì.

Ó rí Láńre lẹ́nu géètì lójú ọkàn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé Bẹ́ẹ̀ni.

Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó rọ̀. Ó ń ta sánsán. Orin bẹ̀rẹ̀, búrẹ́dì sì kún imú rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí kò sí níbì kankan ń fara nù ún lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó bì sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ó bì sára bàtà Ọ̀gá Ládípọ̀, kò mú ọwọ́ kúrò. Orin parí. Iná tàn, ó sì kú pátápátá. Wàláà náà ṣókùnkùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lo ṣe? Ibídùn, kí lo ṣe?"

Ibídùn yíjú sí àwọn tó wà nídìí gọ́tà. "Bàbá Tìámíyù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá tún un tẹ̀. Kò rùn mọ́."

Bàbá Tìámíyù wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbéra. Ó súnmọ́ gíláàsì bí ẹni ń súnmọ́ ajá tó ti gé e jẹ rí, ó fi ìka kan kàn án, lẹ́yìn náà ó gbé gbogbo ọwọ́ lé Rárá. Orin parí láìsí wàhálà. Ló bá pariwo pe àwọn yòókù, wọ́n sì padà wá, àwọn tó ti lọ sílé gbọ́, wọ́n jáde, Ìyá Rábíù pàápàá, tó ń bi ẹni tó dì í mú léèrè pé níbo ni búrẹ́dì náà lọ. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ojú náà fi ohùn dídùn rẹ̀ kà á jáde pé Ìsàlẹ̀-Odò kọ̀.

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ibídùn. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn kan sì ń tutọ́.

Ọ̀gá Ládípọ̀ àti ojú rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ibídùn tẹ̀lé wọn, ó gbé ọwọ́ lé ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà bó ti máa ń ṣe. Ilẹ̀kùn ò mọ̀ ọ́n. Ó tún un gbé. Ọkọ̀ rọra kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gba orí àpáta lọ sáàárín ìlú, níbi tí yàrá olófèrèsé rẹ̀ wà, tí kò ní ṣí fún un mọ́ láéláé.

Ilé kan ló kù tí kò nílò ọwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn pákó ni tibẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ irin tí bàbá rẹ̀ rọ. Ó lọ dúró síwájú ẹ̀, kò lè kàn án. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé abọ́ omi síwájú, ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Má wọlé o," ìyá rẹ̀ sọ. "Ibẹ̀ yẹn ni kí o dúró sí. O ò ní gbé ọwọ́ yẹn wọ ibi tí bàbá ẹ sùn sí."

Ibídùn kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá rẹ̀ bomi lé e, ó fi ọṣẹ sí i, ó mú kànìnkànìn, ó sì ń fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, láàárín ìka, lábẹ́ èékánná, ó ń fọ̀ ọ́ pẹ̀lú agbára débi pé ó ń ta Ibídùn. Kò sí nǹkan kan lára ọwọ́ náà. Gíláàsì gbígbẹ ló kàn látàárọ̀.

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ náà sókè sí imú, ó di ojú, ó fa èémí sínú.

"Kò tíì lọ," ó ní, ó sì tún bomi sí i.